Omi Tí Àbúrò Mi Dà

Òórùn dàdáwà ni wàá kọ́kọ́ gbọ́ tí o bá wọ àgbàlá wa ní Sabon Gari. Irú tí o mọ̀ náà ni, orúkọ tí àwọn Hausa ń pè é ló kàn ti mọ́ wa lẹ́nu. Ìyá mi ti ń ṣe é kí wọ́n tó bí mi, òórùn náà sì ti wọ ògiri, ó ti wọ kọ́tìnnì, ó ti wọ aṣọ ṣọ́ọ̀ṣì wa pàápàá. Òun ni kò jẹ́ ká tètè gbọ́ òórùn igbó lára àbúrò mi ọkùnrin. Ìgbà tí a ó fi rí àwọn ìgò oògùn ikọ́ lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì rẹ̀, ó ti fi ẹ̀kọ́ sílẹ̀ ní Samaru, ó sì ti ń bá àwọn tí a kò rí jiyàn.

Dókítà tó kọ́kọ́ rí i ní oògùn tó ń mu àti àìsàn orí rẹ̀ ti so mọ́ra, ká mú un padà wá kí wọ́n dá a dúró sí ọsibítù. Àbúrò mi ní òun ò lọ. Géńdé tó ti hu irùngbọ̀n ni, ta ló máa gbé e? Lánlọ́ọ̀dù wa, Alhájì kan tó nífẹ̀ẹ́ wa lóòótọ́, sọ fún ìyá mi pé òun mọ ibì kan lẹ́yìn ìlú tí wọ́n ti ń fi ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ de irú wọn títí ojú wọn á fi wálẹ̀. Ìyá mi dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, kò sì sọ ọ́ mọ́.

Ọ̀sán ọjọ́ kan nínú ọyẹ́, mo gbé ọmọ mi wá láti Bomo, níbi tí èmi àti ọkọ mi ń gbé. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rákòrò nígbà náà. Mo tẹ́ ẹ sórí ẹní ní pálọ̀, mo ní kí n bá ìyá mi sọ ìkòkò wóró igbá, èyí tí a fi ń ṣe irú, kalẹ̀ lórí iná. Nígbà tí mo padà wọlé, ẹní ṣófo. Mo gbọ́ tí kọ́kọ́rọ́ yí nínú yàrá àbúrò mi.

"Àǹtí, wọ́n wà lójú fèrèsé," ló ń sọ látẹ̀yìn ilẹ̀kùn. "Wọ́n fẹ́ gbé e lọ. Wọn ò ní rí i gbé."

Mo lu ilẹ̀kùn títí ọwọ́ mi fi bó. Igbe mi ló pe àwọn ará àdúgbò jáde. Alhájì dé pẹ̀lú ọkùnrin méjì àti dígà.

"Haba, Mama, ẹ jẹ́ ká fọ́ ọ," ló wí.

Òótọ́ ni mò ń sọ fún ọ, mo fẹ́ kí wọ́n fọ́ ọ. Ká ní wọ́n ní kí n mú ọ̀bẹ wá fún wọn ni, màá mú un wá. Ọmọ mi ké nínú yàrá yẹn, lẹ́yìn náà ó dákẹ́.

Ìyá mi dúró síwájú ilẹ̀kùn. "Kì í ṣe olè ló wà níbẹ̀, Alhájì. Ọmọ mi ni."

"Ọmọ tèmi ńkọ́, Màámi?"

Ó wò mí. "Ọmọ tìẹ wà níbẹ̀, ọmọ tèmi náà wà níbẹ̀. Tí dígà bá wọlé, èwo nínú wọn lo fẹ́ kí ẹ̀rù kọ́kọ́ bà?"

Ó bẹ àwọn ọkùnrin náà kí wọ́n sún lọ sẹ́nu géètì. Ó wá lọ gbé wóró igbá tó ṣì ń rú èéfín, ó dà á sínú odó, ó gún un jẹ́jẹ́ kí èèpo lè bọ́, ó kó o sínú apẹ̀rẹ̀, ó sì jókòó lórí àpótí rẹ̀ lábẹ́ fèrèsé àbúrò mi gan-an. Mo rò pé orí tirẹ̀ náà ti yí.

Ènìyàn méjì ló máa ń ṣan igbá. Ẹnì kan á máa fi ọwọ́ pa á nínú apẹ̀rẹ̀, ẹnì kejì á máa da omi sí i, tín-ín-rín, kí èèpo lè léfòó jáde kí wóró má bá a lọ. Láti ìgbà tí àbúrò mi ti lè gbé ife ló ti ń da omi fún ìyá wa. Èmi ò mọ̀ ọ́n dà.

"Omi o," ìyá mi pè. Kò pariwo.

Mo na ọwọ́ sí ife. Ó gbá ọwọ́ mi dànù. "Tìẹ yá jù. Gbogbo wóró lo máa dà nù fún mi."

Ẹnì kan lẹ́nu géètì ní, "Wèrè ilé yìí ti di méjì."

"Ẹ kà á dáadáa, ó lè di mẹ́ta," ni ìyá mi fèsì, kò gbé ojú sókè. "Omi o. Igbá ń tutù."

Kọ́kọ́rọ́ yí.

Àbúrò mi jáde, ó ti de bọ́tìnnì ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ mọ́ ọmọ mi lórí àyà tirẹ̀, orí ọmọ nìkan ló yọ síta, ó ń mu kọ́là aṣọ rẹ̀ bí ẹni ń mu ọmú. Mo fẹ́ fò mọ́ wọn. Ìyá mi fi ojú dá mi dúró. Òun fúnra rẹ̀ kò wo ọmọ náà rárá.

"Gbé e fún ìyá ẹ̀, bàbá mi. Ọwọ́ kan ò lè da omi yìí."

Ó wo géètì, ó wò mí. "Àǹtí, ṣé ẹ máa ti ilẹ̀kùn kí wọ́n má baà gbé e?"

"Màá tì í."

Ó tú bọ́tìnnì náà lọ́kọ̀ọ̀kan, ó sì gbé ọmọ lé mi lọ́wọ́. Ilẹ̀ ni mo jókòó sí pẹ̀lú rẹ̀. Àbúrò mi lóṣòó, ó bu omi, omi náà ń já wálẹ̀ tín-ín-rín bí okùn. Ibẹ̀ ni ìyá mi ti sọ fún un pé tí àwọn bá ṣan èyí tán, ọsibítù yá.

"Ṣé ẹ máa sùn tì mí níbẹ̀?"

"Ibẹ̀ ni màá sùn. Rọra dà á."

Wọ́n ṣan án tán. Kẹ̀kẹ́ gbé wọn lọ, omi igbá ò tíì gbẹ lọ́wọ́ wọn.

Mi ò ní purọ́ fún ọ, ọ̀rọ̀ náà ò tán lọ́jọ́ yẹn. Ó ti jáde, ó ti tún mu igbó, wọ́n ti tún dá a dúró. Ní báyìí ó ń lo oògùn rẹ̀, ara rẹ̀ sì ń fúyẹ́. Títí di òní mi ò fi ọmọ mi sílẹ̀ pẹ̀lú òun nìkan, ó mọ̀, kò sì bínú sí mi. Ṣùgbọ́n gbogbo àsìkò tí a fi ń wá ohun tí a máa ṣe fún un, ìyá mi nìkan ló rántí pé ohun kan wà tí àbúrò mi náà ń ṣe fún wa. Mo rò pé ńṣe ni ìyá mi fi omi tàn án jáde, mo sì ti yìn ín fún ọgbọ́n yẹn rí. Ó wò mí bí ẹni tí kò gbọ́ èdè tí mò ń sọ.

"Ẹ̀tàn wo? Ṣé ìwọ lo máa da omi náà ni?"