Iyọ̀ Àdúrà Nínú Àpò Kóòtù

Inú ṣì ń bí mi bí mo ṣe ń kọ èyí, n kò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni pẹ̀tù sí mi nínú kí n tó sọ ọ́ tán.

Ṣọ́ọ̀ṣì aláṣọ funfun ni à ń lọ ní Barking níbí, ní ìlú London. Bí ọmọ ẹnì kan bá fẹ́ ṣe ìdánwò tàbí tó fẹ́ lọ wá iṣẹ́, ìyá rẹ̀ á gbé iyọ̀ lọ síwájú pẹpẹ, wòlíì obìnrin wa á gbàdúrà sí i. Bí mo bá délé, n ó bu díẹ̀ sí igun ọ̀rá, n ó lọ́ ọ, n ó so ó, n ó sì fi eyín gé ìyókù ọ̀rá náà dànù. Lẹ́yìn náà, n ó rọra tì í bọ àpò inú aṣọ ọmọ láìjẹ́ kó mọ̀. Bí ìyá mi ṣe ṣe é fún mi nìyẹn nígbà tí mo ń lọ ṣe ìdánwò àṣejáde nílé. Kò sẹ́ni tó sọ fún mi rí pé ewu wà níbẹ̀.

Ọmọ mi ọkùnrin ti pé ẹni ọdún mẹ́tàlélógún. Ó ti gboyè ní yunifásítì, ó sì ti ń kọ̀wé wá iṣẹ́ láti ọdún kan àti ààbọ̀. Nígbà tó yá, ọ́fíìsì àwọn tó ń yàwòrán ilé, nítòsí ibùdó ọkọ̀ ojú irin, ní kó wá fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò ní aago mẹ́wàá àárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Ẹni mẹ́rin péré ni wọ́n pè. Wọ́n kọ ọ́ sínú lẹ́tà náà pé ẹni tó bá pẹ́, kó má wulẹ̀ wá. Mo lọ kóòtù dúdú rẹ̀ kó gún régé, mo sì fi iyọ̀ mi síbi tí mo máa ń fi í sí.

A jọ wọ bọ́ọ̀sì láti Becontree, nítorí pé inú ilé ìtajà aṣọ kan ní Vicarage Field ni mo ti ń ṣiṣẹ́ àárọ̀. Nígbà tí a sọ̀ kalẹ̀ ní aago mẹ́sàn-án kọjá ogún ìṣẹ́jú, mo ní kó máa lọ, kí Ọlọ́run ṣáájú rẹ̀. N kò tíì rìn jìnnà tí mo fi bojú wẹ̀yìn. Ọlọ́pàá méjì ti dá a dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, ọkùnrin kan àti obìnrin kan, òyìnbó ni àwọn méjèèjì. Wọ́n ní ó jọ ẹnì kan tí àwọn ń wá. Èwo nínú àwọn ọmọ wa ni kì í jọ ẹni tí wọ́n ń wá? Ọ̀dọ́mọkùnrin dúdú, gíga, tó wọ aṣọ dúdú: kí wọ́n kúkú kó gbogbo àdúgbò.

Ọkùnrin náà, tí kò lè fi ọdún mẹ́ta ju ọmọ mi lọ, ki ọwọ́ bọ àpò inú kóòtù, ó sì fa ọ̀rá kékeré mi jáde. Ó gbé e sókè, ó yí i síhìn-ín sọ́hùn-ún, ojú rẹ̀ sì tàn bí ojú ẹni tó he owó.

Ọmọ mi ní, “That's not mine.” Òótọ́ ló sọ. Ohun tí ẹni tó gbé oògùn olóró dání ní tòótọ́ máa ń sọ náà nìyẹn.

Mo sáré dé ọ̀dọ̀ wọn. “Officer, it's me! Èmi ni mo fi síbẹ̀! It's salt, iyọ̀ lásán ni, iyọ̀ àdúrà, from church!”

Ó bi mí pé ta ló ń fi iyọ̀ sínú kóòtù. Mo ní kó fún mi kí n lá a lójú rẹ̀, mo sì na ọwọ́ sí i. Ọlọ́pàá obìnrin náà tì mí láyà sẹ́yìn, ó ní bí mo bá tún sún mọ́ ẹ̀rí, òun á mú èmi náà.

“Mummy, ẹ jọ̀ọ́, just stop talking,” ni ọmọ mi wí. Kò wo ojú mi.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó ń bí mi nínú jù. Mo mọ nǹkan tí wọ́n ń wá. Mo ti fi ọwọ́ ara mi nù ún rí. Ní ọjọ́ Sátidé, mo máa ń bá àwọn kan tún ilé ṣe nínú àwọn ilé gogoro tuntun tó wà létí odò. Ẹ̀ṣọ́ máa ń kí àwọn onílé káàárọ̀ níwájú, àwa tí à ń tọ́jú ilé ń gba ẹ̀yìn wọlé, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí wọ́n ń kó ilẹ̀ dà sí. Mo ti bá ìyẹ̀fun funfun yẹn lórí tábìlì onígíláàsì wọn, wọ́n tò ó ní ìlà ìlà, wọn ò tiẹ̀ rántí pé ẹnì kan ń bọ̀ wá nu ilé. Láti ìgbà tí mo ti ń lọ síbẹ̀, n kò rí ọlọ́pàá kan lẹ́nu ọ̀nà wọn. Ṣùgbọ́n ní àdúgbò tiwa, níbi tí àwọn lánlọ́ọ̀dù ti pín yàrá kan sí méjì, ọkọ̀ ọlọ́pàá kì í kọjá láì rọra yọjú wo ọ̀dẹ̀dẹ̀ wa. Wọ́n ní kò sí ẹlẹ́yàmẹ̀yà nílùú yìí. Irọ́ ni wọ́n ń pa.

Wọ́n mú un lọ sí àgọ́ wọn, mo sì tẹ̀ lé wọn. Aago kan ọ̀sán ti kọjá kí wọ́n tó tú u sílẹ̀. Wọ́n ti yẹ iyọ̀ wò, wọ́n sì rí i pé iyọ̀ ni. Ọlọ́pàá ọkùnrin yẹn fún un ní ìwé kan tó sọ pé wọ́n dá a dúró láti yẹ ara rẹ̀ wò, ó dá iyọ̀ mi padà nínú ọ̀rá ńlá tiwọn tí wọ́n lẹ nọ́ńbà mọ́, ó ní nígbà mìíràn kí n máa fi í sínú ọbẹ̀. Mo ṣépè fún un ní Yorùbá láti orí dé àtẹ́lẹsẹ̀, mo sì ń rẹ́rìn-ín sí i kó lè rò pé mo ń dúpẹ́ ni.

Mo fa ọmọ mi lọ́wọ́, ó di ọ́fíìsì àwọn tó ń yàwòrán ilé. Mo na ìwé ọlọ́pàá sí ọmọbìnrin tó jókòó lẹ́nu ọ̀nà pé kó wo ohun tó fà á tó fi pẹ́. Ó kà á, ó rọra fa àga rẹ̀ sẹ́yìn. Ó ní wọ́n ti rí ẹni tí wọ́n fẹ́.

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, tí mo ti ránṣẹ́ sí láti àgọ́ ọlọ́pàá, pè mí láti Amẹ́ríkà, láti ìlú kan tí àwọn ilé iṣẹ́ ti kógbá sílé, tí aláwọ̀ dúdú ń gbé apá kan, tí òyìnbó ń gbé apá kejì. Ó ní, “Thank God, jàre. Níbí, wọn ì bá ti yìnbọn fún un.” Mo pa fóònù mọ́ ọn létí. Ṣé nítorí pé wọn ò pa ọmọ mi ni kí n ṣe máa jó?

Nígbà tí a délé, ó jókòó sórí àtẹ̀gùn, kò tiẹ̀ bọ́ kóòtù.

“Mummy, ṣé ẹ mọ nǹkan tí mo rò nígbà tó fa nylon yẹn jáde? I thought they planted it. Mo ti ń ro ohun tí mo máa sọ fún judge. I was ready to swear pé àwọn ni wọ́n fi síbẹ̀.” Ó mí kanlẹ̀. “And it was you. Ẹ̀yin ni.”

Láti àárọ̀ ni mo ti ń kó èébú jọ fún àwọn ọlọ́pàá yẹn, kò sì sí ìkankan lẹ́nu mi mọ́. Mo fẹ́ sọ fún un pé àdúrà ni, pé bí wọ́n ṣe ṣe é fún mi nìyẹn. Dípò bẹ́ẹ̀, mo kúnlẹ̀ sórí kápẹ́ẹ̀tì níwájú ọmọ tí mo bí, mo ní kó dárí jì mí. Nílé wa, ọmọ tí ìyá rẹ̀ bá kúnlẹ̀ fún á fò sókè ni, á dọ̀bálẹ̀, á máa bẹ̀ ẹ́ pé kó tètè dìde. Tèmi jókòó, ó ń wò mí. Kò ní kí n dìde.