Ọwọ́ Tí A Fi Ń Hán Bọ́ọ̀lù

Pápá ilé-ìwé kan wà lẹ́yìn ilé tí mò ń gbé ní Igbona. Bí oòrùn bá ti ń rọlẹ̀, àwọn ọmọ á tú jáde, olùkọ́ wọn á gbé igi lé èjìká, kò sì ní pẹ́ tí n ó fi gbọ́ ọ: kọ̀ọ́. Ìró igi lára bọ́ọ̀lù líle ni. Kò pariwo púpọ̀, àwọn ará ilé mi ò tiẹ̀ kà á sí, ṣùgbọ́n bí mo bá ti gbọ́ ọ, àyà mi á já, ìka ọwọ́ ọ̀tún mi á sì ká wọnú àtẹ́lẹwọ́ bí ẹni tó fẹ́ fi nǹkan pamọ́. Mo ti di ìyá arúgbó báyìí, orúnkún mi ò gbọ́ tèmi mọ́, àmọ́ ẹ̀rù náà ò darúgbó ní tirẹ̀. Ní sáà ilé-ìwé yìí, ọmọ ọmọ mi, Àmọ̀kẹ́, ti wà lára àwọn tó ń ṣe eré náà. Láti ìgbà yẹn ni mi ò ti lè jókòó jẹ́ẹ́ ní ìrọ̀lẹ́.

Ẹ̀yin ọmọ ìwòyí á ní kí ló wà nínú bésíbọ́ọ̀lù tó lè dẹ́rù ba àgbàlagbà. Ẹ fara balẹ̀, ẹ gbọ́.

Òkè-Baálẹ̀ ni wọ́n bí mi sí, nínú agboolé ńlá kan tó dojú kọ mọ́ṣáláṣí. Òórùn aró ló máa ń kí wa ní àárọ̀, nítorí aláró ló pọ̀ jù nínú àwọn obìnrin ilé wa, ìkòkò aró wọn sì tò lọ lẹ́yìnkùlé láti ìdí igi ọsàn títí dé ẹ̀yìn balùwẹ̀. Ìyá tó bí bàbá mi ló ń ṣàkóso gbogbo wa. Ìyá Àgbà kì í pariwo, kì í sì í fi gbogbo ìgbà nàka sí ọmọ, ṣùgbọ́n ohun kan wà tí kì í gbójú fò. Bó bá na nǹkan sí ọ, ì báà jẹ́ ẹ̀kọ gbígbóná, tí o wá ṣèèṣì na ọwọ́ òsì, kò ní fún ọ, kò sì ní gbé e kúrò. Á kàn dì í mú síwájú rẹ, á máa wò ọ́. Wíwò yẹn burú ju pàṣán lọ. "Ìdọ̀tí la fi ọwọ́ òsì ń kó," á wí wẹ́rẹ́, "a kì í fi gba ohun rere." Kí n tó bẹ̀rẹ̀ sí í ké kéwú ni ọwọ́ ọ̀tún mi ti mọ̀ pé òun nìkan ló ń gba nǹkan.

A wọ ilé-ìwé girama tán ni wọ́n gbé olùkọ́ eré ìdárayá tuntun wá. Òṣú nílẹ̀ Ìjẹ̀ṣà ló ti wá, Tíṣà Òṣú la sì ń pè é lẹ́yìn rẹ̀. Ó ní àwọn ọmọbìnrin Iléṣà ti ń gbá bésíbọ́ọ̀lù, àwa náà yóò kọ́ ọ, a ó sì lọ bá wọn figagbága kí sáà tó parí. Ìbọ̀wọ́ awọ díẹ̀ ló kó wá, èyí tí aránbàtà ti lẹ̀ lẹ̀ lẹ̀ títí a ò fi mọ ibi tí awọ àkọ́kọ́ wà mọ́. Ó ṣàlàyé fún wa pé ọwọ́ ọ̀tún la ó máa fi ju bọ́ọ̀lù, nítorí náà ọwọ́ òsì ni kí á wọ ìbọ̀wọ́ sí, òun la ó sì fi máa hán an. A ní a ti gbọ́. Ó wá rọra ju bọ́ọ̀lù sí wa lọ́kọ̀ọ̀kan.

Gbogbo wa pátá la na ọwọ́ ọ̀tún. Àgbà ló kúkú ń fún wa ní nǹkan. Àwọn mìíràn kúnlẹ̀, wọ́n tún ní, "Ẹ ṣé, sà." Tíṣà Òṣú rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀, torí òun náà mọ ilé tí wọ́n ti kọ́ wa. "Ìkúnlẹ̀ yẹn dáa," ó ní, "ẹ má fi í sílẹ̀, bọ́ọ̀lù tó bá ń yí bọ̀ nílẹ̀ ń fẹ́ ẹni tó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ dáadáa. Ulẹ̀ ni kí ìbọ̀wọ́ wà." Bí àwọn Ìjẹ̀ṣà ṣe ń pe ilẹ̀ nìyẹn, a sì máa ń sín in jẹ bó bá ti kẹ́yìn sí wa. Nígbà tó dìde, kò rẹ́rìn-ín mọ́. "Ṣùgbọ́n bọ́ọ̀lù ò mọ àgbà o, kò mọ ọmọdé. Ọwọ́ òsì ni mo wí."

Ọ̀rẹ́ mi Rísíkátù ló máa ń dúró tì mí. Inú agboolé kan náà la ti dàgbà, ìyá rẹ̀ sì jẹ́ aláró tí àwọn ará Ìbàdàn ń wá ra aṣọ lọ́wọ́ rẹ̀. Rísíkátù ló ń ya iṣẹ́ sára àwọn aṣọ náà. Á ti ìyẹ́ adìẹ bọ inú ẹ̀kọ tí kì í jẹ́ kí aró wọ aṣọ, á sì fa ẹja, ìràwọ̀ àti òòyà sára aṣọ funfun láìgbé ọwọ́ sókè. Lọ́jọ́ tí Tíṣà Òṣú bẹ̀rẹ̀ sí í fi igi gbá bọ́ọ̀lù sí wa, mo gbọ́ kọ̀ọ́, bọ́ọ̀lù náà fẹsẹ̀ kọ òkúta wẹ́wẹ́, ó fò, ó kọrí sí àyà Rísíkátù. Ìbọ̀wọ́ wà lọ́wọ́ òsì rẹ̀. Ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ tí kò wọ nǹkan kan ló dìde lọ pàdé rẹ̀.

Kò ké. Ó kàn fi ọwọ́ náà pamọ́ sábẹ́ ìborùn rẹ̀. Ìka àárín ti yí sí ẹ̀gbẹ́. Àwọn tó ń to eegun tò ó, wọ́n sì fi ọ̀pá pẹlẹbẹ dì í, ṣùgbọ́n nígbà tí ìyá rẹ̀ rí i, kò bú tíṣà, kò bú ẹnikẹ́ni. Ó kàn béèrè pé, "Ṣé ọwọ́ yìí á tún di ìyẹ́ mú?"

Láti ọjọ́ yẹn ni ẹ̀rù ti wọ̀ mí lára. Ẹni tí ejò bá ti bù jẹ rí, bó rí ekòló á sá, ojú mi sì ni ejò náà ṣe bu ẹlòmíràn jẹ. Bí mo bá jókòó ti oúnjẹ, mò ń wo ọwọ́ ọ̀tún mi bí ọ̀dàlẹ̀. Mo mọ̀ pé bí bọ́ọ̀lù bá bọ̀, òun ni yóò dìde, mi ò sì ní lè dá a dúró.

Rísíkátù fúnra rẹ̀ ló wá mi wá sí ẹ̀yìnkùlé. Ó tú gèlè, ó so ọwọ́ ọ̀tún mi mọ́ mi lẹ́yìn, ó wá ń fi ọwọ́ òsì rẹ̀ já ọsàn tútù, ó ń jù wọ́n sí mi láàárín àwọn ìkòkò aró. Ọsàn bà mí ní imú, ó bà mí ní etí, díẹ̀ já sínú aró. Ibi tí a ti ń ṣe é lọ́wọ́ ni Ìyá Àgbà yọ sí wa, ọsàn kan sì ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ sí ọwọ́ òsì mi.

"Ta ló so ọmọ yìí lọ́wọ́?"

"Èmi ni, mà," Rísíkátù dáhùn. Ó na ìka rẹ̀ tí wọ́n dì sókè. "Kí tiẹ̀ má baà dà bí èyí ni."

Ìyá Àgbà wo ìka náà pẹ́. Lẹ́yìn náà ó ní, "Ohun tí wọ́n bá fún ni la fi ọwọ́ ọ̀tún gbà. Èyí tí wọ́n bá sọ luni, kí ọwọ́ tó bá yá gbà á." Ó bá tirẹ̀ lọ.

Ní Iléṣà, wọ́n lù wá lálùbolẹ̀, ẹ má jẹ́ kí n purọ́. Ṣùgbọ́n bọ́ọ̀lù kan fò wá sí ojú mi, mo di ojú, ó sì bọ́ sí ọwọ́ òsì mi, ó wúwo. Nígbà tí a padà délé, mo sọ fún Rísíkátù pé mo hán ọ̀kan. Ohun kan ṣoṣo ló bi mí: "Ọwọ́ wo?" Mo ní òsì. Ó rẹ́rìn-ín fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ tó ti fara pa.

Ìka rẹ̀ ò nà mọ́. Ó fi ọwọ́ òsì kọ́ yíyà lákọ̀tun, ó sì ya ìborùn kan fún mi, ẹja ara rẹ̀ wọ́ bí ẹni pé omi ń gbé wọn lọ. Kò pẹ́ sígbà náà tí bàbá rẹ̀ kó wọn lọ sí òkè Ọya. Mi ò gbúròó rẹ̀ mọ́. Ó máa ń dùn mí títí di òní.

Àwọn ìkòkò aró ti fọ́ tán, wọ́n ti fi sìmẹ́ńtì bo ẹ̀yìnkùlé yẹn. Ìbọ̀wọ́ àwọn ọmọ ìsinsìnyí ń dán, wọn ò lẹ̀ ẹ́ rárá. Mo rò pé nǹkan ti yí padà. Lánàá ni Àmọ̀kẹ́ wọlé, ó ń fẹ́ atẹ́gùn sí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ tó ti wú.

"Màmá, tíṣà ní mi ò gbọ́ràn. Wọ́n ní kí n fi òsì hán an, àmọ́ ọ̀tún mi ló máa ń dìde."

Ta ló kọ́ ọ? Èmi náà ni, pẹ̀lú wíwò yẹn tí mo jogún. Mo tẹ ìka rẹ̀ wò lọ́kọ̀ọ̀kan, kò sí èyí tó yí. Àyà mi ń já, ṣùgbọ́n mo ṣí àpótí, mo mú ìborùn ẹlẹ́ja náà jáde, mo ní kó lọ já ọsàn tútù wá.

"Kẹ́yìn sí mi," mo wí fún un bó ti dé. "Mú ọwọ́ ọ̀tún wá sẹ́yìn."