Àkùkọ Tí Bàbá Mi Fi Sílẹ̀

Ẹ fara balẹ̀, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ojú èmi àti màmá mi rí lọ́wọ́ àkùkọ kan ní Mówè. Ẹ má rẹ́rìn-ín o!

Láyé ìgbà tí fóònù alágbèéká ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ni. Bàbá mi ti kú. Ilé tí wọn ò tíì rẹ́ ni wọ́n fi sílẹ̀ fún wa, pẹ̀lú abo adìyẹ mẹ́jọ, àkùkọ kékeré kan, àti àkùkọ pupa ńlá tí wọ́n fọwọ́ ara wọn rà lọ́jà Ifọ̀. Ọ̀gá là ń pè é. Ilé-iṣẹ́ tí Màmá ti ń ránṣọ l'Ékòó ti kógbá wọlé, adìyẹ yìí nìkan ló kù tí wọ́n gbójú lé.

Adìyẹ àkọ́kọ́ sàba fún ọjọ́ mọ́kànlélógún. Ẹyin kan ò pa! Màmá ní iṣẹ́ ọ̀tá ni. A gbààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta, a gbàdúrà yí ilé adìyẹ ká, èmi ni mo ń ṣàmín. Òmíràn tún sàba, òfo ni. Màmá jókòó sẹ́nu ọ̀nà kíṣìnì, wọ́n bú sẹ́kún. Ta ni ò ní sunkún?

Ni Bàbá Ìséyìn, káfíńtà tó rẹ́ǹtì yàrá lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa, bá yà wá wò. Wọ́n fọ́ ẹyin kan. Omi lásán! Wọ́n dúró wo àwọn adìyẹ náà títí.

"Ìyá Bùnmi, àkùkọ pupa yìí ti darúgbó. Kò lè gun abo mọ́, kò sì jẹ́ kí kékeré yìí sún mọ́ wọn. Ẹ pa á jẹ."

"Pa á kẹ̀?" Màmá ní òun ò ní fi ọbẹ kan ohun tí ọkọ òun fi sílẹ̀, ebi ì báà pa wá.

Bàbá Ìséyìn ò jiyàn. Lọ́jọ́ kejì, wọ́n kó pákó wá, wọ́n kan kéèjì sábẹ́ máńgòrò, wọ́n fi Ọ̀gá sínú rẹ̀, wọ́n ní kó lọ rìtáyà. Wọ́n ní ká máa jẹ ẹyin ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́, kí àkùkọ kékeré lè ráyè gun àwọn abo dáadáa, ká tó kó èyí tí adìyẹ máa sàba lé.

Nínú ẹyin méjìlá, mọ́kànlá pa! Màmá kó àwọn òròmọdìyẹ sínú ìró, wọ́n gbé wọn lọ han Ọ̀gá. Inú mi dùn lọ́jọ́ náà ju ọjọ́ Kérésì lọ.

Láràárọ̀ ni Ọ̀gá ń kọ nínú kéèjì rẹ̀ títí tó fi kú. Màmá gbẹ́ ilẹ̀, wọ́n sin ín. Ta ní ń sin adìyẹ? Ìyá mi ni!

Màmá náà ti lọ báyìí, àárò wọn ń sọ mí. Èmi náà ń ṣe ọ̀sìn adìyẹ, àkùkọ kan sí abo mẹ́jọ, mo sì máa ń pààrọ̀ rẹ̀ kó tó gbó. Ẹ̀kọ́ tèmi ni pé ká tó pariwo ọ̀tá, ká kọ́kọ́ wo àkùkọ ilé wa.

Ṣùgbọ́n kéèjì yẹn ṣì wà lábẹ́ máńgòrò o, mi ò lè fi dáná. Ẹ̀yin ńkọ́? Kí ló wà nílé yín tí ò wúlò mọ́, tẹ́ ẹ ò lè sọ nù nítorí ẹni tó ni ín? Ẹ sọ ọ́, mò ń kà á.