Ẹyin Ọwọ́ Ẹlòmíràn

Ẹsẹ̀ ni Màmi fi kan ilẹ̀kùn náà, nítorí ìkòkò ọbẹ̀ wà ní ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì. Èmi gbé ìrẹsì tẹ̀lé e. A gbọ́ ìbọ̀sẹ̀ tó ń wọ́ bọ̀ nílẹ̀, ó wọ́ títí kí ilẹ̀kùn tó ṣí.

Ìyá arúgbó kan ló ṣí i, Júù ni, tí ilé rẹ̀ kọjú sí tiwa ní àjà kẹrin ní títì Grand Concourse, lókè òkun. Ọmọ ọdún mọ́kànlá ni mí, a ò tíì pé ọdún kan tí a ti Abẹ́òkúta dé. Mo rántí orúkọ gbogbo ará ilé yẹn: Carmen ìsàlẹ̀, Mista Willie tó ń tún páìpù ṣe, Rosa àti Luis ọmọ rẹ̀. Tirẹ̀ nìkan ni mi ò mọ̀. Ọmọdé kì í pe àgbà lórúkọ. Màmá Òdìkejì là ń pè é. Ọkọ rẹ̀ nìkan ló ń fi orúkọ pè é, wọ́n sì sin ín láàárọ̀ ọjọ́ náà.

Aṣọ funfun ló fi bo dígí. Ó ti fa ọrùn aṣọ ara rẹ̀ ya, bí àwọn Júù ṣe máa ń ṣọ̀fọ̀. Àga tìmùtìmù mẹ́fà wà lófìfo, àmọ́ orí àpótí kékeré ló padà lọ jókòó sí. Ilé ń rùn bí àbẹ́là.

Ó fa imú. "Kí ló wà nínú ìkòkò yẹn?"

"Ọbẹ̀ ni, Mà. Ẹja wà níbẹ̀, mo sì da edé sí i dáadáa."

"Edé." Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ rẹ́rìn-ín. "Láti kékeré ni mo ti ń sá fún edé. Òun náà ló wá bá mi kẹ́dùn."

Ó ní òfin àwọn kò gba edé, kò sì gba ìkòkò tí wọ́n fi sè é. Ojú ti Màmi. Edé tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fi ránṣẹ́ láti ilé, tó ń ṣọ́ lò, ló dà tán síbẹ̀.

"Kí lẹ wá jẹ lónìí, Mà?"

"Mi ò jẹ nǹkan kan."

"Ṣé kò sóúnjẹ nílé ni?"

"Ó wà. Àmọ́ tèmi ni." Ó ní ẹni tó bá ti ibi ìsìnkú dé kì í kọ́kọ́ jẹ oúnjẹ ara rẹ̀, aládùúgbò ló ń gbé e wá, ẹyin ló sì máa ń jẹ́. Ẹyin kò lẹ́nu, ẹni tó ń ṣọ̀fọ̀ náà kò lẹ́nu.

"Àwọn èèyàn yín wá dà?"

Ó nawọ́ sí òpó ilẹ̀kùn tiwa. Ihò ìṣó méjì wà níbẹ̀ lábẹ́ ọ̀dà, mo ti ń fìka tọ́ wọn láti ọjọ́ tí a dé. Ibẹ̀ ni àwọn Júù tó gbé ilé wa tẹ́lẹ̀ kan ọ̀rọ̀ Ọlọ́run mọ́, bí tirẹ̀ ṣe wà lára òpó tirẹ̀. Àwọn tó ni ín ti yọ ọ́ lọ sí Florida. Sínágọ́gù ẹ̀yìn ilé ti di ṣọ́ọ̀ṣì.

"Ẹ ò ṣe bá wọn lọ?"

"Ọkọ mi ní tí gbogbo wa bá lọ, ta ni yóò mọ̀ pé a gbé ibí?"

 Màmi rán mi lọ mú ẹyin wá nílé wa. Màmá Òdìkejì gbé ìkòkò tirẹ̀ jáde, ó fọwọ́ ara rẹ̀ tan gáàsì, ó ní òfin ló wí bẹ́ẹ̀. "Èyí tó kù, ó dọwọ́ yín." Màmi se ẹyin náà, ó bó o, ó gbé e fún un. Kò bèèrè iyọ̀. Ó jẹ ẹ́ díẹ̀díẹ̀, omi ń bọ́ lójú rẹ̀. A jókòó tì í títí oòrùn fi kúrò lára ògiri.

Láti ìgbà náà, ẹnikẹ́ni tó bá ṣọ̀fọ̀ ládùúgbò mi, ẹyin ni mo ń gbé lọ. Nígbà tí mo lọ́kọ tí a kó lọ sí Parkchester, mo gbé e fún aládùúgbò wa Sàlámọ̀tù, mo gbé e fún Mista Ortiz. Sàlámọ̀tù ní, "Ìyàwó Adéwálé, ṣé o ti ń sin adìyẹ ní Parkchester ni?" Ó sì jẹ ẹ́. Sàlámọ̀tù náà ti kú báyìí. Ọmọ Mista Ortiz ti wá mú bàbá rẹ̀ lọ sọ́dọ̀ ara rẹ̀.

Oṣù tó kọjá ni mo sin Adéwálé ọkọ mi. Ọlọ́run kò fún wa lọ́mọ. Àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì dé itẹ́ òkú, kálukú sì sáré padà síbi iṣẹ́. Nígbà tí mo délé, mo se ẹyin kan, mo bó o, mo gbé e sórí àwo. Àmọ́ tèmi ni, mi ò lè fi kan ẹnu. Mo jókòó tì í, mo ń tẹ́tí sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, bóyá ẹnìkan á fẹsẹ̀ kan ilẹ̀kùn.