Ọ̀rẹ́ Mi Ní Òun Ò Rántí

Ẹ fún mi láyè kí n tú ohun tó wà nínú mi jáde lónìí, torí ó ti ń dùn mí jù.

Tíṣà kẹ́mísìrì ni mí ní ilé-ìwé girama kan níbí ní Ilé-Ifẹ̀. A ní lábù o, àmọ́ kí ló wà níbẹ̀? Ìgò òfìfo àti eruku! Àwọn ọmọ mi ò rí áásìdì rí àfi nínú ìwé.

Ìgbà tí mo rí ìkànnì kan lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, tí ọmọ ti lè fi ìka da áásìdì sínú ìgò lójú fóònù, kí àwọ̀ ẹ̀ sì yí padà bíi ti gidi, mo pariwo nínú ilé! Mo sáré fi han Fúnkẹ́. Fúnkẹ́ ló ń kọ́ wọn ní bàọ́lọ́jì. Èmi ni mo wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ ní ọsibítù nígbà tó ń bí àbíkẹ́yìn ẹ̀. Tí mo bá ní ọ̀rẹ́, òun ni.

Àwa méjèèjì la jọ lọ bá pirinsípà wa, obìnrin tí gbogbo wa ń pè ní Mọ́mì. Mo ṣàlàyé pé kíláàsì mi nìkan làwọn ọmọ ti máa lo fóònù. Mọ́mì rẹ́rìn-ín, wọ́n ní kí n máa bá a lọ, pé irú tíṣà táwọn ń wá nìyẹn. Ṣé Fúnkẹ́ gbọ́? Ó gbọ́ dáadáa! Òun gan-an ló dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn ká tó jáde.

Ẹ̀yin èèyàn mi, kíláàsì yẹn dùn! Àmínà, ọmọ Sábó tí kì í sọ̀rọ̀, ló kọ́kọ́ rí i tí omi tó pọ́n nínú ìgò ojú fóònù náà dédé mọ́ gaara. Ó fò sókè: "Àǹtí, ó ti yí! Ó ti yí!"

Ìpàdé òbí ló ba gbogbo ẹ̀ jẹ́. Bàbá kan láti Òkèrèwè dìde tìbínútìbínú. Wọ́n ní ọmọ àwọn kì í fi fóònù sílẹ̀ mọ́, fíìmù ló ń wò, táwọn bá sì bá a wí, á ní iṣẹ́ Àǹtí Kẹ́mísìrì lòun ń ṣe. Gbọ̀ngàn dàrú. Ta ló fún tíṣà láyè?

Mo wo Mọ́mì. Mọ́mì dìde, wọ́n ní àwọn ò mọ nǹkan kan nípa ẹ̀, pé èmi ni mo dá a ṣe.

Ẹ gbà mí! Mo ní, "Mọ́mì, ẹ jọ̀ọ́ mà, Fúnkẹ́ wà níbẹ̀ o! Fúnkẹ́, bá mi sọ fún wọn."

Ó rọra dìde. Kò wojú mi. "Mi ò rántí pé irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ wáyé," ló wí, ó sì jókòó.

Kò rántí! Kí ni mo tún fẹ́ sọ? Mo kúnlẹ̀, mo bẹ àwọn òbí. Ojú ẹsẹ̀ ni Mọ́mì fòfin de fóònù.

Lọ́sẹ̀ yẹn, Fúnkẹ́ wá bá mi nílé ní Mayfair, ó ń sunkún. Ó ní wọ́n fẹ́ fi òun ṣe igbákejì pirinsípà, pé ọwọ́ Mọ́mì lọ̀rọ̀ náà wà, kí n jọ̀ọ́ kí n fi ara mi sípò òun. Mo bi í pé, "Ìwọ ńkọ́, ṣé o fi ara ẹ sípò tèmi?" Mo ṣílẹ̀kùn fún un kó máa lọ.

Ó ti di igbákejì báyìí. Òun ló ń buwọ́ lu lẹ́sìn nóòtù mi! Ó ń kí mi, mò ń dá a lóhùn, àmọ́ kò sí àwàdà láàárín wa mọ́. Àwọn òbí kan, títí kan bàbá Àmínà, ló pè mí pé kí n má fi àwọn ọmọ sílẹ̀. Ilé mi làwọn ọmọ ń wá ní Sátidé, fóònù tèmi la jọ ń yí ká.

Ohun tí mo kọ́? Tí ọ̀gá bá fẹnu gbà fún yín, ẹ fi tẹ́ẹ̀sì ránṣẹ́ sí wọn, kó wà ní kíkọ. Ìyẹn rọrùn. Ti ọ̀rẹ́ ni mi ò tíì mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é.

Ẹ̀yin ńkọ́? Ṣé ẹni tẹ́ ẹ fọkàn tán ti sẹ́ yín lójú gbogbo èèyàn rí? Ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀ níbí. Èyí tí mo fẹ́ mọ̀ jù ni pé: ṣé ẹ tún bá ẹni náà ṣọ̀rẹ́?