Ọjọ́ Ìsinmi Ló Pa Mẹ́tìrì Antoine

Pẹ̀lú ọkàn tó wúwo ni a fi ń kéde fún gbogbo ará Atakpamé àti agbègbè rẹ̀ pé irin táyà ọkọ̀ akẹ́rù tí ilé-ẹ̀kọ́ abúlé wa ń lò bí agogo ti já bọ́ láti orí igi, etí rẹ̀ kan sì ti tẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà le. Ọkọ̀ ìjọba wá wò ó. Wọ́n ya fọ́tò irin náà, ọ̀gá kan sì ṣí fìlà fún un.

Ọkùnrin tó máa ń lu irin náà, Antoine Olúgbódi, kú sí àtìmọ́lé. Ọkọ̀ kankan kò wá wo òun.

Mẹ́tìrì là ń pè é, bí a ti ń pe gbogbo olùkọ́ lọ́dọ̀ wa. Faransé ló fi ń kọ́ni, èdè Ifẹ̀ ti agbègbè wa ló ń sọ nílé, ṣùgbọ́n tó bá fẹ́ bá ọmọ wí, èdè Ewe ni. Ó ní òun kò gbọ́ èèbú púpọ̀ nínú èdè yẹn, ìbínú òun kì í sì í pẹ́ tán. Lọ́jọ́ Àìkú, nínú ṣọ́ọ̀ṣì, ẹfun ṣọ́ọ̀kì ṣì máa ń wà nínú irun etí rẹ̀.

Orí ẹ̀ka máńgòrò tí ikán ti jẹ ni irin náà so rọ̀ sí. Mẹ́tìrì ní kí wọ́n gé ẹ̀ka náà. Ọ̀gá Ẹ̀kọ́, tí gbogbo ilé-ẹ̀kọ́ agbègbè wà lábẹ́ rẹ̀, kọ̀. Ó ní àlejò pàtàkì kan ti jókòó sábẹ́ igi náà rí, kò sì sí ẹni tó gbọ́dọ̀ fi àdá kàn án. Mẹ́tìrì wá wá ọparun gígùn kan, ó ń dúró lókèèrè lu irin. Ó to òkúta yí abẹ́ igi ká, kò sí ọmọ tó gbọ́dọ̀ kọjá wọn. Àwọn ọmọ ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ bí ẹni tó ń dẹ odò Mono.

“Mẹ́tìrì, ṣé ẹ ti rí ẹja mú?”

“Ẹ̀yin gan-an ni ẹja. Ẹ wọlé.”

Ní ọdún 1984 yìí, àlejò náà fẹ́ padà wá. Láti fi bọlá fún un, Ọ̀gá Ẹ̀kọ́ kéde ọjọ́ ìsinmi, ó sì pàṣẹ pé kí gbogbo olùkọ́ àti ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ wá pàtẹ́wọ́. Oòrùn mú. Ọ̀gá ní kí àwọn ọmọ bọ́ sábẹ́ igi, kí àlejò má bàa rí òógùn lára wọn.

“Ọ̀gá, ẹ má kó wọn síbẹ̀.”

“Àlejò ti dé Kamina, ikán lò ń sọ fún mi. Lu irin.”

Mẹ́tìrì kọ̀. Ọ̀gá gba ọparun lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì fi gbogbo agbára lù ú.

Irin àti ẹ̀ka jọ já lu ẹsẹ̀ Sẹ̀ríyà, ọmọ Àwẹ̀ní tó ń ta aṣọ ní ọjà Atakpamé. Àlejò ò dúró. Ọkọ̀ rẹ̀ kọjá, eruku rẹ̀ bò wá. Mẹ́tìrì gbé ọmọ náà sórí kẹ̀kẹ́ rẹ̀ dé ilé ìwòsàn. Wọ́n to eegun ẹsẹ̀ ọmọ, ó yè. Nígbà tí Mẹ́tìrì jáde, àwọn jàǹdáámù, ọlọ́pàá ìjọba, ti ń dúró lẹ́nu ọ̀nà láti mú un, pé òun ló jẹ̀bi ẹsẹ̀ ọmọ náà.

Wọ́n ti máa ń sọ fún àwọn olùkọ́ pé bí ọmọ bá fara pa nígbà tí wọ́n wà lẹ́nu iṣẹ́, ìjọba ni yóò dúró níwájú wọn láti dáhùn ẹjọ́. Geneviève, ìyàwó rẹ̀, lọ bi Ọ̀gá Ẹ̀kọ́ pé ìjọba náà dà.

“Ẹnu iṣẹ́ ni wọ́n wí, Màmá. Ọjọ́ ìsinmi ni ọjọ́ yẹn. Ọkọ yín kò sí lẹ́nu iṣẹ́.”

“Kí ló wá wá ṣe níbẹ̀?”

“Èmi ni mo pàṣẹ pé kó wá.”

Kò tilẹ̀ rẹ́rìn-ín. Ní ti ọparun, wọ́n gbé e wá bí ẹ̀rí: ẹni tó ń dúró lókèèrè lu irin ti mọ̀ pé irin náà léwu. Bí kò bá mọ̀ ńkọ́? Wọn ìbá ní aláìbìkítà ni.

Àwẹ̀ní pàápàá lọ bẹ̀bẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn jàǹdáámù.

“Mi ò fẹjọ́ ẹnikẹ́ni sùn.”

“Kì í ṣe ẹ̀yin lẹ fẹjọ́ sùn, Ìyá. Òfin ni.”

“Ẹ ní kí òfin wá sílé mi, n ó se oúnjẹ fún un. Ọmọ ta ló kán lẹ́sẹ̀, tèmi àbí ti òfin?”

Ibà mú Mẹ́tìrì nínú àtìmọ́lé. Geneviève gbé oògùn dúró lẹ́nu géètì láti àárọ̀. Wọ́n ní ẹni tí kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀ kò wá, ọjọ́ ìsinmi ni. Nígbà tó padà lọ lọ́jọ́ kejì, bàtà ọkọ rẹ̀ ni wọ́n kó fún un.

Ẹ jẹ́ kó yé mi. Lọ́jọ́ ìsinmi, olùkọ́ tó kọ̀ láti lu irin jẹ̀bi. Lọ́jọ́ ìsinmi mìíràn, ẹni tó ti ilẹ̀kùn mọ́ aláìsàn kò jẹ̀bi, torí kò sí lẹ́nu iṣẹ́. Ta ni ìsinmi ń dáàbò bò nílùú yìí? Láti ibí dé Moretan, àwọn olùkọ́ ti kọ́ ẹ̀kọ́ wọn. Bí ejò bá wọ kíláàsì báyìí, wọ́n á kọ́kọ́ rò ó bóyá ọjọ́ iṣẹ́ ni. Ẹni tó bá rí ẹ̀ka tó ń jẹrà á gbójú kúrò, torí ẹni tó mọ̀ ni wọ́n ń mú. Ẹ̀ka tó ń jẹrà sì pọ̀.

A fẹ́ kí Ọ̀gá Ẹ̀kọ́ dúró níwájú Geneviève àti Àwẹ̀ní, kó sọ ẹni tó di ọparun mú. A fẹ́ kí ẹni tó ni kọ́kọ́rọ́ náà sọ ibi tó wà. A sì fẹ́ kí òfin sọ ọ́ gbangba pé ibikíbi tí wọ́n bá ti pàṣẹ fún olùkọ́ láti dúró, ẹnu iṣẹ́ ló wà. Ọ́fíìsì Ọ̀gá Ẹ̀kọ́ ti fèsì. Èsì náà rèé:

ÌKÉDE. Inú wa dùn láti sọ fún gbogbo ènìyàn pé irin tuntun ti dé. A ti so ó rọ̀ sórí ẹ̀ka kejì igi kan náà. Àlejò wa yóò padà wá lọ́jọ́ Ẹtì, nítorí náà ọjọ́ ìsinmi ni. Gbogbo olùkọ́ gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀. Èyí tí kò bá wá, a ó kà á sí ẹni tó sá lẹ́nu iṣẹ́.