Ẹ̀rọ Mi Ti Yan Olórin Tó Wù Ú

Ẹ bá mi dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn tó ṣe ẹ̀rọ tí mo fi ń gba ohùn sílẹ̀ o!

Láàárọ̀ yìí, kọ̀ǹpútà ní kí n ṣe ọ́pudéètì fún un, pé á túbọ̀ dára sí i. Èmi ọmọlúàbí, mo gbà.

Lọ́sàn-án, àwọn ìyá àsàlátù mẹ́jọ dé láti Ìfọ́n sí sítúdíò mi ní Ìlobù. Kálukú gba máìkì tiẹ̀. Nígbà tí wọ́n kọrin tán, máìkì méjì péré ni ẹ̀rọ "tó túbọ̀ dára" yìí gbọ́: ti àwọn ìyá méjì tí Alhaja, olórí wọn, máa ń bẹ̀ pé kí wọ́n rọra kọrin.

"Ohùn tèmi ńkọ́?" Alhaja bi mí.

Mo dọ̀bálẹ̀. "Ẹ má bínú mà, ọ́pudéètì ni kò jẹ́ kí ẹ̀rọ gbọ́ yín."

"Ó gbọ́ Ìyá Sàká, èmi ni kò gbọ́?"

Ìyá Sàká, ọ̀kan nínú àwọn méjì tí ẹ̀rọ gbọ́, ti ń jó. "Alhaja, ẹ̀rọ kì í kúkú ṣojúsàájú!"

Ọ́pudéètì ọ̀hún ò ṣeé dá padà. Ni gbogbo wọn bá rọ́ jọ sídìí máìkì méjì náà, wọ́n tún un kọ, ó sì dùn.

Ṣùgbọ́n Ìyá Sàká ní ti àkọ́kọ́ lòun fẹ́ kí n gbé jáde. Èwo ni kí n gbé jáde báyìí? Ẹ tètè dáhùn, òun àti Alhaja ti ń pè mí.